Ẹ Bi Wá Léèrè: Ìgbòkun, Iyùn àti Ìtàn ní Grenadines

Láti ìgbà tí a ti dárúkọ àwọn erékùṣù Grenadines lójú ewé yìí ni lẹ́tà ò ti dá mọ́ láti Abẹ́òkúta. Àwọn tó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn la mú dáhùn. Fún ẹni tí kò gbọ́ nípa ibẹ̀ rí, àwọn erékùṣù kéékèèké ni wọ́n, wọ́n tò tẹ̀ léra nínú Òkun Karibíà, láàárín St. Vincent ní àríwá àti Grenada ní gúúsù. St. Vincent ló ni Bequia, Canouan, Mayreau, Union àti àwọn mìíràn. Grenada ló ni Carriacou àti Petite Martinique.

Àwa mẹ́fà la ń dá àjọ láti lọ háyà ọkọ̀ onígbòkun níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ìtàn náà ni mo sì ń bá lọ. Níbo ni ká ti gbéra, oṣù wo ló dára, ṣé a lè tu ọkọ̀ náà fúnra wa? — Olùkọ́, Ìbarà

Ẹ kú àjọ, Olùkọ́. Ẹ gbéra ní St. Vincent, kí ẹ já ọkọ̀ sílẹ̀ ní Grenada. Láti ìlà-oòrùn àti àríwá-ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí gúúsù, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bá ọkọ̀ rẹ̀, irú afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ onígbòkun fẹ́ràn jù nìyẹn. Ẹni tó bá ń ti Grenada gòkè ni yóò máa forí gbá ìgbì. Àwọn tó ni ọkọ̀ lè bu owó lé e nítorí pé ọkọ̀ ò padà síbi tó ti gbéra. Ẹ san án. Ó sàn ju kí ènìyàn mẹ́fà máa bì lọ́jọ́ tí wọ́n fowó ra.

Ọ̀nà náà kò gùn. Máìlì òkun kan jẹ́ mítà 1,852, ọkọ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40 sì máa ń rin bíi máìlì òkun 6 ní wákàtí kan. Láti Blue Lagoon ní St. Vincent dé Bequia tó bíi máìlì òkun 9. Bequia sí Canouan, bíi 20. Canouan sí Mayreau, 5. Láti ibẹ̀ bọ́ sí Tobago Cays, 3 (kì í ṣe Tobago ti Trinidad o). Cays sí Clifton ní erékùṣù Union, 5. Clifton sí Hillsborough ní Carriacou, 8. Carriacou sí St. George's ní Grenada nìkan ló tó 30. Ẹ rí i pé bí a bá yọ ọjọ́ Canouan àti ọjọ́ ìkẹyìn kúrò, ìrìn tí kò pé wákàtí méjì ni gbogbo ìyókù.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á ní ọ̀nà ò jìn, wọ́n á sùn di aago 10, wọ́n á jẹun, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á gbéra lẹ́yìn aago 2. Ìgbà tí wọ́n bá fi dé, oòrùn ti wálẹ̀, ojú wọn ò lè rí àpáta iyùn tó lè fọ́ ọkọ̀ lábẹ́ omi mọ́, àwọn tó tètè dé ti gba ibi tó dáa láti dákọ̀ró, mùsíọ́ọ̀mù ti tì, àwọn àgbà tó yẹ kí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ti wọlé. Ẹni tó ń wá ìtàn ní erékùṣù, ìdákọ̀ró rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nísàlẹ̀ kó tó di aago 1 ọ̀sán. Bí ẹ bá di èyí mú, ìyókù á rọrùn.

Ní ti oṣù: oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní ti Kérésìmesì máa ń le tó máìlì òkun 25 sí 30 ní wákàtí, ìyẹn kì í ṣe ti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà dé ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì ńlá. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2024, ìjì Beryl kọ lu Carriacou, Petite Martinique àti Union, ó sì ba èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ibẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ilé ìtajà, ilé oúnjẹ tàbí mùsíọ́ọ̀mù yòówù tí ẹ bá kà nípa rẹ̀ nínú ìwé tó ti pẹ́, ẹ béèrè bóyá ó ti ṣí kí ẹ tó fi í sínú ètò.

Bóyá ẹ lè tu ọkọ̀ fúnra yín? Rárá, ẹ gba atukọ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ yóò béèrè ẹ̀rí ibi tí ẹ ti tukọ̀ rí àti irú ọkọ̀ tó jẹ́, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fẹnu gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ nílé kó máa lọ sí Èkó. Lagos Yacht Club ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1932. Inú ọkọ̀ kékeré tó lè yí dànù lèèyàn ti ń mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń fi ìgbòkun ṣe.

Etí odò Ògùn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mo ti ń fi ọ̀pá àti àjẹ̀ yẹ àpáta láti kékeré. Ṣé ìmọ̀ yẹn ò tó láti máa rìn láàárín erékùṣù? — Ọmọ Apẹja, Lafẹ́nwá

Yóò wúlò fún yín. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé omi ń gbé ọkọ̀ lọ síbi tí ọkọ̀ ò kọjú sí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló yàtọ̀.

Èkíní ni kíkà omi. Odò Ògùn dúdú, kò hàn dé ìsàlẹ̀. Bí omi ṣe ń ru lórí àpáta lẹ fi ń mọ̀ pé àpáta wà. Níbi tí iyùn pọ̀ sí, òkè omi lè tẹ́ pẹrẹsẹ kí àpáta iyùn sì wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré sábẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ omi lẹ ó máa kà. Búlúù tó dúdú, omi jìn. Àwọ̀ ewé tó mọ́ roro, yanrìn ló wà nísàlẹ̀, ó sì lè tó mítà 3 sí 5. Bó bá ti ń funfun, omi ti ń tán lábẹ́ yín. Bó bá pọ́n rúsúrúsú bí ilẹ̀ amọ̀, iyùn ti sún mọ́ òkè nìyẹn, ẹ yà kíákíá. Àbàwọ́n dúdú lórí omi aláwọ̀ ewé lè jẹ́ koríko òkun, ó lè jẹ́ òkúta, ó sì lè jẹ́ òjìji ìkùukùu. Ẹ dẹ ìrìn, kí ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń rìn, ìkùukùu ni. Bó bá dúró, ẹ má gba orí rẹ̀ kọjá.

Gbogbo èyí, oòrùn ló ń fi í hàn. Ó gbọ́dọ̀ ga, ó sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn yín tàbí lókè orí. Ẹ wo Tobago Cays: erékùṣù kéékèèké márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kì í gbé, àpáta iyùn tí wọ́n ń pè ní Horseshoe Reef sì yí mẹ́rin nínú wọn ká níhà ìlà-oòrùn. Ìlà-oòrùn lẹ ó kọjú sí bí ẹ bá ń wọlé. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ ní aago 8 àárọ̀, oòrùn á ta yín lójú, gbogbo omi á máa dán bí díńgí, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Aago 11 sí aago 2 ni kí ẹ wọ̀ ọ́. Kí ẹnì kan tó wọ dígí tó ń pa ìtànṣán omi dúró síwájú ọkọ̀, kó máa fi ọwọ́ júwe, torí afẹ́fẹ́ á gbé ohùn rẹ̀ lọ kí ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú tó gbọ́.

Èkejì ni bí omi ṣe ń ti ọkọ̀. Láàárín àwọn erékùṣù yẹn, ìwọ̀-oòrùn ni omi òkun máa ń ṣàn sí, ó sì lè tó máìlì òkun kan ní wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ṣírò rẹ̀: St. Vincent sí Bequia jẹ́ 9, ẹ ń rin 6 ní wákàtí, ìyẹn wákàtí kan àbọ̀. Láàárín àkókò náà, omi á ti yín tó máìlì òkun kan àbọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó bá kọjú ọkọ̀ sí Bequia gan-an, ẹ̀gbẹ́ Bequia ló máa bá ara rẹ̀, á wá máa fi ẹ́ńjìnnì jà padà lójú afẹ́fẹ́. Ẹ kọjú ọkọ̀ sí apá ìlà-oòrùn ibi tí ẹ ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ mú ohun méjì tó wà lọ́kàn-án-kán yín, ẹ̀bá òkè kan níwájú àti téńté òkè mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá wà lórí ìlà kan náà, ọ̀nà yín tọ́. Bí ti ẹ̀yìn bá ti ń yọ sápá ọ̀tún, ẹ̀yin náà ti ń sún lọ sí ọ̀tún nìyẹn. Nígbà tí omi bá yí padà tó wá ń ṣàn pàdé afẹ́fẹ́, ìgbì àárín erékùṣù á ga, á sì súnmọ́ra. Ẹ má bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹ ti dín ìgbòkun kù sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni bọ́yà, àmì tó ń léfòó lórí omi láti fi ọ̀nà han ọkọ̀. Ní Èkó, bọ́yà pupa ló máa wà lọ́wọ́ òsì ẹni tó ń ti òkun bọ̀ wá sí èbúté. Ní Karibíà, ọwọ́ ọ̀tún ló wà. Ẹni tó bá lọ fi ti Èkó wọ̀ ọ́ níbẹ̀, orí iyùn ló máa jókòó sí.

Ìdákọ̀ró wa wọ́ lóru ní Carriacou, ọkọ̀ sì ku díẹ̀ kó gbá ti ẹlòmíràn. Omi mítà 5 ni, a sì ti ju ṣéènì mítà 12 sílẹ̀. Atukọ̀ tí a gbà ní ó tó. — Adátán

Kò tó. Ìwọ̀n omi nìkan kọ́ lèèyàn ń kà. Ẹ ó fi gíga imú ọkọ̀ lé e, láti ojú omi dé ibi tí ṣéènì ti ń jáde. Bí ti yín bá jẹ́ mítà kan, ó di 6. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún: ṣéènì mítà 30. Bí afẹ́fẹ́ bá máa le lóru, ìlọ́po méje, ìyẹn 42. Ti yín jẹ́ ìlọ́po méjì péré. Ìdí rẹ̀ ni pé ìdákọ̀ró kì í fi ìwúwo rẹ̀ nìkan di ọkọ̀ mú. Ṣe ló máa ń walẹ̀ bọ inú yanrìn nígbà tí wọ́n bá fà á ní ìdùbúlẹ̀. Bí ṣéènì bá kúrú, òkè ni ó ti ń fà á, á sì máa hú u jáde bí ẹni hú ẹ̀gẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí gígùn ṣéènì nìkan má jẹ̀bi. Koríko òkun pọ̀ láwọn ibi kan níbẹ̀. Ìdákọ̀ró lè há sínú gbòǹgbò koríko kó dà bí ẹni pé ó ti mú, tí afẹ́fẹ́ bá wá le, ìdì koríko á fà tu. Ibi tí omi bá funfun tàbí tó jẹ́ àwọ̀ ewé mímọ́ ni kí ẹ sọ ọ́ sí. Kí ọkọ̀ dúró pátápátá, kí ẹ tú ṣéènì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ti ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn, ẹ má dà á lé ara wọn. Tó bá pé, ẹ fi ẹ́ńjìnnì sí ìpadàsẹ́yìn, ẹ fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ṣéènì lókè. Bó bá ń gbọ̀n tó ń ta kú-kú-kú, ìdákọ̀ró ń wọ́ nísàlẹ̀. Bó bá nà gbọnrangandan tí kò mì, ó ti mú. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan wọ dígí ìwẹ̀, kó lúwẹ̀ẹ́ lọ wò ó. Omi ibẹ̀ mọ́. Kò sí àwíjàre fún ẹni tí kò wò ó.

Níbi tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ bá wà, òun náà ni kí ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ wò lábẹ́. Okùn tó ti gbó máa ń pamọ́ sábẹ́ ewéko omi.

Mo kà pé wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dà sí erékùṣù Balliceaux. Ṣé ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ síbẹ̀? — Ìyá Ìbejì, Kútọ̀

Òótọ́ ni, Màmá. Àwọn Gárífúnà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè ní Káríìbù Dúdú, ló ń gbé St. Vincent, wọ́n sì bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun láti má ṣe jọ̀wọ́ ilẹ̀ wọn. Olórí wọn, Joseph Chatoyer, kú sójú ogun ní oṣù Kẹta ọdún 1795. Òun ni wọ́n fi ṣe akọni orílẹ̀-èdè náà ní 2002. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun wọn ní 1796, nǹkan bí 5,000 ènìyàn, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé, ni wọ́n kó lọ sí Balliceaux. Erékùṣù náà kò ní odò. Àìsàn wọlé, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì kú kó tó di pé wọ́n kó ìyókù sọ́kọ̀ ní 1797 lọ dà sí Roatán, létí Honduras. Àtọmọdọ́mọ wọn ló kún etí òkun Honduras àti Belize lónìí.

Apá ìlà-oòrùn Bequia ni Balliceaux wà, ojú lè rí i láti orí òkè Bequia. Kò sí èbúté, ìgbì Àtìláńtíìkì sì ń gbá a. A ò gba ẹni tó ní atukọ̀ àlejò nímọ̀ràn láti dákọ̀ró síbẹ̀. Ẹ wá ọlọ́kọ̀ ọmọ Bequia tó mọ etí rẹ̀, kó gbé yín lọ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, kó sì kọ́kọ́ gba àṣẹ. Orí ibojì lẹ ń lọ. Kí ẹ má ṣa ohunkóhun kúrò nílẹ̀.

Wọ́n ní àwọn ará Carriacou ṣì mọ ẹ̀yà tí baba ńlá wọn ti wá ní Áfíríkà. Ṣé Ẹ̀gbá wà lára wọn? — Òkè-Ìlẹ̀wọ̀

Wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Nínú ìlù Big Drum wọn, orin ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀: Kromanti ló ń ṣíwájú, lẹ́yìn rẹ̀ Ígbò, Mandingo, Kongo, Arada, Temne, Chamba, Moko àti Banda. Ìlù mẹ́ta ni wọ́n ń lù. Méjì ń jẹ́ boula, àwọn ló ń di ìlù náà mú. Ẹ̀kẹta, èyí tí wọ́n ń pè ní cut, ló ń bá ẹsẹ̀ oníjó sọ̀rọ̀. Agbá ọtí ni wọ́n fi ṣe é látijọ́, awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi bò ó. Kí ijó tó gbóná, wọ́n á gbé oúnjẹ àwọn òkú ọ̀run kalẹ̀, wọ́n á ta ọtí àti omi sílẹ̀, wọ́n á sì kọ orin ìtọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ àwọn baba ńlá. Wọ́n máa ń lu ìlù yìí níbi sàráà wọn, níbi tí wọ́n bá ti fi òkúta lé ibojì, àti lóru ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ti ọkọ̀ tuntun sómi.

Yorùbá ò sí nínú àwọn orin náà, ìṣírò ọdún ló sì fà á. Ọdún 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú. Ogun Òwu àti èyí tó tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká wá lẹ́yìn ìyẹn. 1830 ni a tẹ Abẹ́òkúta dó. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ́pọ̀ yanturu, ọkọ̀ ẹrú Gẹ̀ẹ́sì kò lọ sí Carriacou mọ́. Kúbà àti Bràsíìlì ni wọ́n ń kó wọn lọ, àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá sì gbà lójú omi, Freetown ni wọ́n ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí. Àwọn Sàró tó padà wá sí Aké ti ibẹ̀ wá. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló padà wálé. Wọ́n kó àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ sí Karibíà láti ṣe lébìrà oníwèé àdéhùn. Ní 1849, àwọn tó lé ní 1,000 wọ Grenada bẹ́ẹ̀, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa gbọ́ Ṣàngó ní Grenada, pàápàá ní ìgbèríko tó ń jẹ́ Munich ní St. Andrew, tí ẹ ò sì ní bá orin Yorùbá nínú ìlù Carriacou tó jẹ́ máìlì díẹ̀ sí i. Ẹ fi ọjọ́ kan kún Grenada nítorí èyí.

Lẹ́tà kan láti Ọbàńtokò béèrè bóyá “Abẹ́òkúta” tó wà lọ́hùn-ún wà lójú ọ̀nà. Ìyẹn wà ní Westmoreland ní Jàmáíkà, bíi 1,000 máìlì òkun sí Grenada. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ìrìn yìí.

Bí ẹ bá sì wà ní Carriacou, ẹ má dúró sí Hillsborough nìkan. Ẹ lọ sí Windward, níbi tí àtọmọdọ́mọ àwọn kan-ọkọ̀kan-ọkọ̀ tó wá láti Skọ́tílándì ti ń kan ọkọ̀ létí òkun láìlo àwòrán. Igi tí wọ́n ń pè ní white cedar ni wọ́n ń lò fún egungun ọkọ̀. Wọ́n á wọ inú igbó lọ wá ẹ̀ka tó ti tẹ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n má baà gé okun igi náà. Bí ọkọ̀ bá parí, wọ́n á pa àgbò àti ewúrẹ́, àlùfáà á wọ́n omi mímọ́ sí i. Wọ́n á wá máa fi àáké gé àwọn òpó tó gbé e dúró lápá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ọkọ̀ á fi rọra dùbúlẹ̀ sórí igi róbótó, tí gbogbo ìlú á fi okùn fà á wọ omi. Láti 1965 ni wọ́n ti ń fi àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí díje ní oṣù Kẹjọ.

Omi mímu ńkọ́? — Aṣẹ́rò

Kò sí odò ní Grenadines. Omi òjò tí wọ́n gbè sínú kànga símẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ ń mu. Ẹ ra ti yín kí ẹ tó gbéra: lítà 3 fún ẹnì kan lójúmọ́. Ènìyàn mẹ́fà, ọjọ́ méje, lítà 126. Omi táǹkì ọkọ̀ ni kí ẹ fi wẹ̀, kí ẹ sì fi fọ abọ́.

Ara mi kì í gba ọkọ̀ ojú omi. — Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ béèrè oògùn lọ́wọ́ kẹ́mísìtì, kí ẹ sì lò ó kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ní dúró nínú. Atalẹ̀ náà dára. Ẹ jókòó síta, kí ẹ máa wo ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé òkun, ẹ má wọ yàrá ìsàlẹ̀, ẹ má tẹ fóònù.

Ìwé wo la nílò, ṣé òótọ́ sì ni pé òkè oníná kan wà lábẹ́ omi lọ́nà Grenada? — Òkè-Mosàn

Ìwé ìrìnnà, ìwé ọkọ̀, orúkọ gbogbo èrò, àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, torí Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀. Kí ẹ wádìí físà ibi tí bàálù yín máa yà sí pẹ̀lú, òun ló máa ń dá àwọn èèyàn padà ní pápákọ̀. Orílẹ̀-èdè méjì ni: ẹ gba ìwé ìjáde ní Clifton, ẹ ta àsíá yẹ́lò sókè bí ẹ bá wọ omi Carriacou, kí ọ̀gákọ̀ nìkan sọ̀ kalẹ̀ lọ bá kọ́sítọ́ọ̀mù ní Tyrell Bay. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó sọ yẹ́lò kalẹ̀, tí ẹ ó ta àsíá Grenada. Aṣọ alámì ti sójà, ẹ fi sílẹ̀ sílé. Òfin méjèèjì kà á léèwọ̀, títí kan ti ọmọdé.

Òkè oníná náà wà, Kick 'em Jenny ni wọ́n ń pè é, bíi kìlómítà 8 sí àríwá Grenada. 1939 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó bú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó bá ń ru jáde nísàlẹ̀ lè sọ omi di fífúyẹ́ débi pé ọkọ̀ ò ní léfòó lórí rẹ̀ mọ́. Lójoojúmọ́, ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn ju kìlómítà 1.5 lọ, bí wọ́n bá gbé ìkìlọ̀ aláwọ̀ ọsàn jáde, ó di kìlómítà 5. Ọ̀nà láti Tyrell Bay sí St. George's gba tòsí rẹ̀ kọjá. Ẹ wo ìkìlọ̀ tó wà níta kí ẹ tó tú ìdákọ̀ró, kí ẹ sì gba apá ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ pẹ̀lú àyè tó pọ̀.